DDR6 Ń Bọ̀: Ṣé Ká Dúró Dè É Ká Tó Ra Láptọ́ọ̀pù?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Ọ̀fà tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Èmi, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ la jọ dá owó kí ó lè ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí yóò máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Owó pé tán, ó wọ Ìlọrin wá bá mi, a jọ gba òpópónà Táíwò lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì tí a yà sí, ọmọkùnrin tó ń tajà wo ojú wa, ó ní, "Àlàájì mi, tí ẹ bá lè ní sùúrù díẹ̀, DDR6 ń bọ̀ o. Èyí tí ẹ dì mú yẹn kò ní pẹ́ di ẹrù àtijọ́." Nígbà tí a ó fi dé ṣọ́ọ̀bù kẹta, ẹlòmíì ti ń búra fún wa pé DDR6 wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ká ṣáà mówó wá.

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní ká kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí. A ra wàrà, a jókòó. Mo ní DDR6 ni orúkọ ìran mẹ́mórì kọ̀ǹpútà tó ń bọ̀ lẹ́yìn DDR5, nítorí náà orí mẹ́mórì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ sí i ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní mẹ́mórì gan-an?

Ẹ fi ojú inú wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Àpótí ńlá kan wà lẹ́yìn tó ń kó aṣọ oníbàárà sí. Tábìlì kan wà níwájú rẹ̀: aṣọ tó ń gé lọ́wọ́, téèpù, sísọ́ọ̀sì, òwú, gbogbo rẹ̀ wà lórí tábìlì yìí, torí kò lè máa dìde lọ sídìí àpótí nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ fa ìlà kan.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àpótí ẹ̀yìn ni hard disk tàbí SSD (irú àpótí tó yára ju hard disk lọ), ibi tí fọ́tò, fídíò àti àwọn iṣẹ́ yín ń sùn sí. Tábìlì ni RAM, mẹ́mórì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá rí "8 + 128" lára páálí fóònù, 8 ni fífẹ̀ tábìlì, 128 ni fífẹ̀ àpótí. Mo ti bá ẹni tó ra fóònù tí àpótí rẹ̀ tóbi bí ilé pàdé, tábìlì rẹ̀ kò sì gbà ju ìwé méjì lọ. Ó wá ń bi mí pé kí ló dé tó ń falẹ̀.

Iyàtọ̀ ńlá kan tún wà láàárín wọn. Bí iná bá lọ, tábìlì ṣófo ráúráú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àpótí kò lọ síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tẹ ìwé tí kò fi pamọ́ ṣe ń lọgun nígbà tí bátìrì bá kú lójijì.

Kí ló dé tí RAM fi ń gbàgbé?

Robert Dennard, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ló ronú irú mẹ́mórì yìí ní ọdún 1966, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1968. Ọgbọ́n tó dá kò ju ìkòkò kan pẹ̀lú ìlẹ̀kùn kan lọ, tí a sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Ìkòkò tí iná díẹ̀ wà nínú rẹ̀ dúró fún 1, èyí tó ṣófo dúró fún 0. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé Dada ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò, mọ̀ pé ìkòkò amọ̀ máa ń làágùn. Ẹ pọn omi sí i lálẹ́, ara rẹ̀ á ti tutù rinrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìkòkò inú RAM náà ń làágùn, tirẹ̀ sì yá ju ti amọ̀ lọ fíìfíì. Kí iná inú rẹ̀ má bàa gbẹ, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ máa lọ yíká gbogbo ìkòkò, kí ó máa bù kún wọn. Nínú DDR4, àyíká yìí gbọ́dọ̀ parí láàárín mílísẹ́kọ́ńdù 64, ìyẹn ni pé ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń gba àbùkún ju ìgbà 15 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú DDR5, ó ju ìgbà 30 lọ. Iná lọ, kò sẹ́ni tí yóò bù kún un mọ́, ló bá gbẹ.

Ẹ má gbàgbé ìkòkò yìí o. A ó tún padà sídìí rẹ̀.

DDR ńkọ́? Ta ló ń fún un ní nọ́ńbà?

Ẹ wo ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì. Igi kékeré tó gbé òwú lọ́wọ́ kọjá láti ọ̀tún sósì, ó fi òwú kan sílẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó tún fi òmíràn sílẹ̀. Àlọ rẹ̀ kò ṣòfò, àbọ̀ rẹ̀ kò ṣòfò. Mẹ́mórì tó wà ṣáájú DDR kò rí bẹ́ẹ̀. Àlọ nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, òfo ló fi ń bọ̀. DDR ló kọ́ ọ láti máa ṣiṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ "ìlọ́po méjì" inú orúkọ rẹ̀, Double Data Rate, ti wá.

Ẹni tó ń fún un ní nọ́ńbà ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ JEDEC, àpapọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́mórì, tó ń ṣe prósẹ́sọ̀, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ rò wọ́n bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó jókòó fẹnu kò lórí bí kóńgò yóò ṣe tóbi tó, kí ìyá onígàrí kan má bàa mú kóńgò tó jin wá kí èkejì mú pẹrẹsẹ wá. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni wọ́n ń pè ní ìran tuntun. DDR jáde ní 2000, DDR2 ní 2003, DDR3 ní 2007, DDR4 ní 2012, DDR5 ní oṣù keje ọdún 2020. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, ẹrù tí mẹ́mórì lè gbé ń pọ̀ sí i, iná tó ń jẹ sì ń dín kù: DDR3 ń jẹ fóltì (volt) 1.5, DDR4 ń jẹ 1.2, DDR5 ń jẹ 1.1.

Ìyára wo ni wọ́n ń sọ?

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fi ọ̀rọ̀ gbé wa. Ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́.

Ká ní Ìlọrin lẹ wà, tí ẹ sì fẹ́ kó iṣu láti Ọ̀fà. Ẹ pè wọ́n, wọ́n di ẹrù, ọkọ̀ gbéra, ó gba Ajáṣẹ́-Ìpo, ó wọlé bá yín. Tó bá jẹ́ kórópe, ó lè kó ọgọ́rùn-ún iṣu. Tó bá jẹ́ tírélà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ẹni tó ń ta iṣu yóò fò fáyọ̀ bí tírélà bá yọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣu kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi gún iyán alẹ́ òní, kí ni tírélà fẹ́ ṣe fún yín? Ojú ọ̀nà kan náà ni, àkókò kan náà ni. Iṣu àkọ́kọ́ kò tìtorí pé tírélà ló gbé e kí ó tètè dé.

Nítorí náà, ìyára méjì ló wà. Ọ̀kan ni: ẹrù mélòó ló ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan? Èkejì ni: láti ìgbà tí mo ti pè, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí àkọ́kọ́ tó dé?

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára mẹ́mórì, ti àkọ́kọ́ ló ń sọ. 3200 tó wà lára DDR4-3200 ń sọ pé ó ń gbé ẹrù ní ìgbà mílíọ̀nù 3,200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, ó di gígábáìtì 25.6. DDR3-1600 ń gbé 12.8, DDR5-4800 ń gbé 38.4. Ìdàgbàsókè gidi nìyẹn, n kò fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀.

Ẹ wá wo ìyára kejì. A máa ń fi nánósẹ́kọ́ńdù wọ̀n ọ́n, ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pá (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí RAM wà lára rẹ̀) DDR3-1600 tó wọ́pọ̀ ń gba bíi 14 kí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó jáde. DDR4-3200 tó wọ́pọ̀ náà ń gba bíi 14. DDR5-4800 ti ìbẹ̀rẹ̀? Ó lé ní 16. Láti 2007 títí di 2020, ìran mẹ́ta, iṣu àkọ́kọ́ kò yára sí i rárá. Ó tún fi díẹ̀ lọ́ra ni.

Ìkòkò tí mo ní kí ẹ má gbàgbé ló fà á. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn, kí ó tẹ́tí sí bóyá iná tó kéré jọjọ wà nínú ìkòkò tó kéré jọjọ, kí ó dá a lójú, kí ó tó dáhùn. Irú ìkòkò ti ìgbà Dennard náà ni à ń lò títí di òní, a kàn sọ ọ́ di tíńtínní ni. Nígbà tí àwọn olùṣe rí i pé ìkòkò kò gbọ́ ìkánjú, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: ọ̀pọ̀ ìkòkò ni wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ sọ́kọ̀ kan.

DDR5 tilẹ̀ dá ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá kúrò ní Ìlọrin mọ̀ pé bó bá dé Ajáṣẹ́-Ìpo, ọ̀nà pínyà: ọ̀kan ń lọ Ọ̀fà, ọ̀kan ń lọ Òmù-Àrán. Ọkọ̀ Ọ̀fà kì í dúró de ọkọ̀ Òmù-Àrán. Ọ̀pá DDR4 kan ní ọ̀nà fífẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pá DDR5 kan pín fífẹ̀ kan náà sí ọ̀nà méjì, kí iṣẹ́ méjì lè máa lọ láìdí ara wọn lọ́wọ́.

Ta ló máa mọ iyàtọ̀ rẹ̀?

Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó. Ẹni tó ń ṣe géèmù lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀, torí RAM kan náà ni àwòrán ń bá prósẹ́sọ̀ pín lò. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ AI. Àwọn wọ̀nyí ló ń kó iṣu tírélà.

Ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń wo èsì ìdánwò, tó ṣí WhatsApp síbi kan àti ojú-ìwé mẹ́wàá síbòmíràn, iṣu kan, iṣu kan ló ń rà. Ohun tó ń pa á lára ni pé tábìlì rẹ̀ kéré. Windows 11 ní òun lè gbé lórí 4GB, ṣùgbọ́n gbígbé yàtọ̀ sí ìgbádùn. Bí tábìlì bá kún, télọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ padà sínú àpótí kí ó lè rí àyè, á tún dìde lọ mú un. Tí àpótí náà bá wá jẹ́ hard disk oníyípo, ọ̀rọ̀ dé. Hard disk bẹ́ẹ̀ máa ń gba bíi mílísẹ́kọ́ńdù 10 kí ó tó rí ohun kan. Ẹ bá mi ṣe é báyìí: ká ní ìṣẹ́jú kan ni RAM fi ń dáhùn, hard disk yóò lò ju ọdún kan lọ. Ẹni tó bá rò pé DDR6 ni yóò gba òun lọ́wọ́ irú ìyà yìí, SSD ló ń wá, kò mọ orúkọ rẹ̀ ni.

DDR6 dé ibo báyìí?

Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n JEDEC kò tíì gbé ìwé ìlànà rẹ̀ jáde títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí. Àbúrò rẹ̀ tó wà fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, LPDDR6, ni wọ́n ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 2025.

Ìwé ìlànà kì í sì í ṣe ọjà. Oṣù keje 2020 ni ìlànà DDR5 jáde; oṣù kọkànlá 2021 ni Intel tó gbé prósẹ́sọ̀ tí yóò lò ó fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì dé ọjà. Ó di 2022 kí AMD tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, òyìnbó yóò rà á, yóò lò ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yóò kó o dànù, ẹnìkan yóò sì kó o sínú kọ̀ńténà. Ẹ ṣírò ìgbà tí yóò fi dé Táíwò. Ọmọ tó bá ń dúró de DDR6 tòkunbọ̀ yóò ti gboyè jáde, yóò ti sin ìlú tán.

Ìrísí rẹ̀ lè yí padà pẹ̀lú. Nínú òye tèmi, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yá tó, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ súnmọ́ tó. Ẹ sọ̀rọ̀ wàràwàrà sí ẹni tó wà lódìkejì títì, ẹ ó rí i bóyá yóò gbọ́. Ọ̀pá RAM tí à ń kì bọ inú ihò jìnnà díẹ̀ sí prósẹ́sọ̀, ó sì ti ń di ìṣòro. Ní oṣù kejìlá 2023 ni JEDEC gbé ìlànà CAMM2 jáde: mẹ́mórì tó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, tí wọ́n fi ìdè onísúkúrúù dì mọ́lẹ̀, kí ọ̀nà lè kúrú.

Ẹni tó ní DDR6 wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má tètè pè é ní òpùrọ́. GDDR6 ló rí kà. Mẹ́mórì inú káàdì àwòrán ni èyí, láti 2018 ló ti wà lórí àtẹ, òun náà ló wà nínú PlayStation 5 tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. G tó wà níwájú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdílé mìíràn ni, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì bá ti RAM kọ̀ǹpútà rìn pọ̀. Kí láptọ́ọ̀pù ní GDDR6 fún àwòrán kí ó sì ní DDR4 fún RAM, nǹkan ojoojúmọ́ ni.

Kí ló dé tí RAM fi gbówó lórí?

Èyí náà ń da èèyàn láàmú, torí a ti mọ̀ ọ́n sí ohun tó ń dínwó bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ RAM àgbáyé: Samsung àti SK Hynix ní Kòríà, Micron ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń ṣiṣẹ́ AI nílò irú mẹ́mórì kan, HBM, tí wọ́n to lé ara wọn bí àkàrà nínú àwo. Èrè rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gba àyè tí wọn ì bá fi ṣe tiwa. Nígbà tó fi di ìparí 2025, owó RAM ti fò sókè. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Micron kéde pé òun yóò pa Crucial tì, orúkọ tó fi ń ta mẹ́mórì fún èmi àti ẹ̀yin. Ìyá tó ń dín àkàrà fún òde ìnáwó, ẹ má retí pé yóò dá ti náírà díẹ̀ yín lóhùn.

Ṣé mo lè yọ ti àtijọ́ kí n fi ìran tuntun sí i?

Rárá o. Mo fi owó mi kọ́ èyí.

Ní 2019, láptọ́ọ̀pù mi ń falẹ̀. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní RAM 8GB. Ẹni tó tà á kò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi sí. Mo délé, mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù, mo kì í bọ ihò, kò wọlé. Mo pè é. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Àlàájì." Mo tẹ̀ ẹ́ títí pátákó fi ń ké kíríkírí. Ìgbà tí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ iná ni mo tó rí i: àlàfo kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, bí eyín tó yọ, ti àtijọ́ sún sápá kan, ti tuntun sún sí ibòmíràn. Eyín wúrà tó tò síbẹ̀ kò tilẹ̀ dọ́gba. Ti láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ DDR3, eyín 204. Èyí tí mo rà jẹ́ DDR4, eyín 260. DDR5 jẹ́ 262. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni bíi tèmi má bàa fi iná tí kò bá a mu jó o. Mo gbé e padà lọ, ó nawọ́ sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yín kí ẹ tó jáde nílé. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀, ìyára rẹ̀ àti iye ihò tó ṣì ṣófo. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ pátákó. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni ẹ ó lò kú.

Kí la wá rà?

A padà sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ti ọmọkùnrin tó ní ká ní sùúrù. Láptọ́ọ̀pù DDR4 la mú, SSD 256GB, RAM 8GB lórí ọ̀pá kan, 2666, ihò kejì ṣófo. Mo ní kí ó tú ìdí rẹ̀ kí n fi ojú mi rí ihò náà. Kò bínú.

Lálẹ́, mo rántí dúrọ́ọ̀. Ọ̀pá 2019 ṣì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀: DDR4, 8GB, 2400. Ọmọ náà gbé e sétí ihò, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjì, ó dún kà! Ó tan ẹ̀rọ. 16GB. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì nígbà tó rí 2400 níbi tí 2666 wà tẹ́lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, ọ̀pá méjì tó bá jọ rìn, ẹsẹ̀ èyí tó lọ́ra ni wọ́n máa tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti di méjì báyìí. Mo ní kí ó ṣe é: 2,400 lọ́nà mẹ́jọ, kí ó tún sọ ọ́ di méjì.

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Gígábáìtì 38.4.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí iye tí ẹ ní ọ̀pá DDR5 kan ń gbé nìyẹn?"

Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.